Ta Ni Ó Ni Iná? Ìtàn Fìtílà Kẹ̀kẹ́ ní Ilẹ̀ Yewa

Àwọn àgbà ní òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó gun kẹ̀kẹ́ láti Ìhunbọ lọ sí abúlé kan ní ẹ̀bá ààlà ní òru tí òṣùpá kò yọ. Olówó àti tálákà, olóyè àti alágbàṣe, bákan náà ni gbòǹgbò igi ojú ọ̀nà yóò ṣe gbé gbogbo wọn ṣubú bí wọn kò bá ní iná lọ́wọ́. A ti kọ ìtàn ọba, a ti kọ ìtàn ogun, a sì ti kọ ìtàn ààlà tí àwọn òyìnbó pa sí àárín wa. Ṣùgbọ́n iná tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń rìn ní ẹ̀bá ààlà náà lálẹ́, ṣàṣà ni ẹni tí ó kà á sí ìtàn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fìtílà oníbátìrì tí àwọn ènìyàn wa ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n ń so mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́. Èrò mi ni pé iná yìí borí èyí tí ilé iṣẹ́ òyìnbó ṣe, kì í ṣe nítorí pé ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé owó rẹ̀ kéré, bí kò ṣe nítorí pé ẹni tí ó ṣe é ni ó ní àṣẹ láti tàn án àti láti pa á.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìhunbọ wà ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpókíá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sì jìnnà sí Ìdí-Ìrókò, ẹnubodè tí a ń gbà bọ́ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹkùn yìí, pẹ̀lú Ìlaròó àti Ayétòrò, ni a ń pè ní ilẹ̀ Ègbádò títí di 1995 tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa, èyí tí í ṣe orúkọ odò tí ó ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ ìrìn ni láti ayébáyé. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ṣì wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà yìí ni àwọn oníṣòwò ń gbà lọ sí Àjàṣẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀sà. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ rọ, àwọn ọmọ ogun Dàhómì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ilẹ̀ náà lẹ́nu. Wọ́n fọ́ Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, wọ́n sì pa Kétu run ní 1886. Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá tan iná lójú ọ̀nà lóru ń fi ara rẹ̀ han ọ̀tá ni. Kí òǹkàwé mi fi èyí sọ́kàn. Ní ilẹ̀ yìí, iná kì í ṣe ohun tí a fi ń ríran nìkan. Ohun tí a fi ń rí ènìyàn pẹ̀lú ni.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ní ìlú Paris, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Àjàṣẹ́, Ṣakété àti ààfin Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaròó, Ìpókíá, àti Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣe àlàyé ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, èyí tí ó jáde ní 1976. Ẹ̀gbọ́n di ọmọ abẹ́ Faransé, àbúrò di ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Oko wà níhìn-ín, ilé wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi agbára mú ènìyàn wọ iṣẹ́ ológun pọ̀ ní apá ti Faransé, pàápàá ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn, wọ́n sì sá wá sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Owó orí yàtọ̀, owó bodè yàtọ̀, owó tí wọ́n ń ná pàápàá yàtọ̀. Báyìí ni ìrìn tí baba ń rìn lójú ọ̀sán ṣe di ohun tí ọmọ ń yọ́ rìn lóru.

Ní àkókò kan náà ni kẹ̀kẹ́ ológeere ń dàgbà ní ilẹ̀ òyìnbó. Karl von Drais, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ fi igi ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní 1817. Ẹsẹ̀ ni ẹni tí ó gùn ún fi ń ti ilẹ̀. Ní 1885 John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ jáde ní ìlú Coventry, tí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní 1888 John Boyd Dunlop fi táyà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kún un. Ọdún 1888 yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ láti wákàtí kan lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn títí di wákàtí kan ṣáájú ìlà oòrùn gbọ́dọ̀ tan fìtílà sí i lára. Ẹ wo bí ọdún méjèèjì ti tẹ̀lé ara wọn: 1888 ni òfin iná, 1889 ni ààlà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa, kò dá wá. Òun pẹ̀lú òfin rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Ó gba láísẹ́ǹsì, ó gba agogo, ó sì gba iná. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ ohunkóhun mìíràn nípa ilé ẹjọ́ òyìnbó ni ó mọ̀ pé ọlọ́pàá lè mú òun nítorí kẹ̀kẹ́ tí kò ní iná.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ wúlò ju wàhálà rẹ̀ lọ. Ẹrù èkùrọ́, kòkó àti ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn mẹ́ta yóò rù, ẹnì kan lè dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí ó sì gbé e dé ọjà. Tíṣà fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wolé-wolé fi wọ abúlé, ajíhìnrere fi dé ibi tí mọ́tò kò lè dé. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà láti ìgbà Ọ̀yọ́ gba kẹ̀kẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Nítorí oòrùn, àti nítorí pé ọjà kì í dúró de ẹni tí ó bá pẹ́, ìdájí àti alẹ́ ni ìrìn-àjò náà sábà máa ń bọ́ sí. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fìtílà fi di ọ̀ràn gbogbo ènìyàn.

Fìtílà àkọ́kọ́ jẹ́ ti elépo, èyí tí ó ní òwú nínú. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ a pa á, kòtò díẹ̀ a da epo rẹ̀ nù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti kábáàdì. Ní 1892 ni Thomas Willson, ará Kánádà, rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe kábáàdì lọ́pọ̀ yanturu: bí omi bá ń kán sí i, èéfín kan yóò jáde, bí a bá sì ṣáná sí èéfín náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a funfun bí ọ̀sán. Àwọn òyìnbó fi sí iwájú kẹ̀kẹ́. Àwọn ọdẹ wa gbé e ka iwájú orí. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí èyí dáadáa. Ọdẹ Yorùbá kò gba ohun èlò náà bí wọ́n ti ṣe gbé e fún un. Ó mú un kúrò lára ohun tí wọ́n ṣe é fún, ó sì gbé e sí ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ ti nílò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ tún kọ́ lẹ́yìn náà.

Dáínámò ni ó tẹ̀lé e. Igò irin kékeré ni, tí orí rẹ̀ ń fara kan táyà. Bí táyà bá ti ń yí ni orí rẹ̀ yóò máa yí, agbára iná yóò sì máa lọ sí gílóòbù iwájú àti ti ẹ̀yìn. Agbára folti 6 àti wáàtì 3 ni ó wọ́pọ̀ fún un. Kò ń jẹ epo, kò ń jẹ bátìrì, a sì lè lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò parí rárá. Dáínámò kò ní iná bí kẹ̀kẹ́ kò bá sáré. Nígbà tí ẹni tí ó di ẹrù bá ń gun òkè, tí kẹ̀kẹ́ ń ra pálá, ìgbà náà gan-an ni iná yóò di pípọ́n bí ẹyin iná tí ó fẹ́ kú. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ti kẹ̀kẹ́ gba inú ẹrẹ̀, iná kú. Bí táyà bá jò, tí ó sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́, iná kú. Bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀ òkè pẹ̀lú eré àsápajúdé, agbára náà a pọ̀ jù, gílóòbù a jó. Bákan náà ni táyà ń jẹ, tí ẹsẹ̀ sì ń wúwo. Ọ̀nà dáradára ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀nà tiwa yàtọ̀.

Bátìrì ni ó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Georges Leclanché, ará Faransé, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó lómi nínú ní 1866. Carl Gassner, ará Jámánì, ni ó sọ ọ́ di gbígbẹ ní 1886, tí a fi lè dojú rẹ̀ délẹ̀ láìsí pé ó dà nù. Ní 1899 ni David Misell gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí tọ́ọ̀ṣì tí a ń mú dání. Tọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀ wa, ó sì di ohun ọ̀ṣọ́ ilé: bàálé ilé fi wo ejò, ọdẹ fi rọ́pò kábáàdì, obìnrin fi wá ọmọ adìyẹ. Àwọn tí wọ́n dàgbà ní ẹ̀yìn òmìnira 1960 kò ní gbàgbé bátìrì Berec, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó tẹ̀lé wọn kò ní gbàgbé Tiger Head láti ilẹ̀ Ṣáínà.

Ọ̀nà tí tọ́ọ̀ṣì gbà dé ara kẹ̀kẹ́ kò nira láti mọ̀. Èkíní ni pé kí á fi rọ́bà tí a gé lára túùbù ògbólógbòó dì í mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ó kọjú síwájú. Rọ́bà yìí ní iṣẹ́ méjì: ó di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì ń gba ìjàǹbá ojú ọ̀nà fún un, nítorí okùn tín-ín-rín inú gílóòbù a máa já bí kẹ̀kẹ́ bá ń gbọ̀n jù. Èkejì ni iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n, ìyẹn sì ni ó wù mí jù. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe yóò mú ojú iná dáínámò tí ó ti bàjẹ́. Ó mọ̀ pé folti 6 ni gílóòbù inú rẹ̀ ń fẹ́. Ó mọ̀ pé bátìrì ńlá kan kò ju folti kan àti ààbọ̀ lọ. Nítorí náà yóò to bátìrì 4 tẹ̀lé ara wọn, kí orí èyí tí ó wà lẹ́yìn máa kan ìdí èyí tí ó wà níwájú. Bí ó bá dojú ẹyọ kan kọ ẹ̀yìn, kò ní ran àwọn yòókù lọ́wọ́; yóò máa bá wọn jà ni. Inú ọparun tí ó ti gbẹ ni yóò kó wọn sí, nítorí pé ọparun kì í gbé iná, òjò kì í sì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Yóò fi páànù tí ó gé lára agolo mílíìkì dí ojú méjèèjì, kí páànù náà lè máa fara kan bátìrì. Yóò so ọparun mọ́ irin àárín kẹ̀kẹ́. Wáyà kan ṣoṣo ni yóò fà láti ibẹ̀ lọ sí iwájú, nítorí ara irin kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ wáyà kejì. Yóò kàn fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà kúrò ní ojú ibi tí yóò gbà fara kàn án ni. Ní ẹ̀bá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni yóò fi súwíìsì sí, tàbí páànù pẹlẹbẹ kan tí àtàǹpàkò lè tẹ̀.

Mo ti tú irú rẹ̀ wò rí, ẹnu sì yà mí. Kò sí ìwé tí ẹni tí ó ṣe é kà. Ohun tí ó wà lára dáínámò ni ó wò, tí ó rí i pé wáyà kan ni òyìnbó lò, tí ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ọ̀nà wo ni iná ń gbà padà sílé. Ẹni tí ó lè béèrè irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe òpè. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n òòbẹ̀ ti ibí yìí ju àdán lọ fún iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe.

Àwọn kan máa ń sọ pé òṣì ni ó fa irú iná àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Dáínámò, owó ẹ̀ẹ̀kan ni. Bátìrì, owó gbogbo ìgbà ni. Ẹni tí ń rìn lóru léraléra yóò ná owó sórí bátìrì ju ohun tí dáínámò ì bá gbà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé owó nìkan ni wọ́n rò, dáínámò ni wọn ì bá dì mú. Wọ́n fi owó ra nǹkan mìíràn: iná tí ó ń tàn nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró, tí ènìyàn lè tú sílẹ̀ kí ó gbé wọlé, tí ó sì lè pa nígbà tí ó bá fẹ́.

Ibi pípa iná yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Gbogbo wa ni a mọ fàyàwọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó àlàyé, ẹni tí ó ń fi àyà wọ́lẹ̀ kí a má baà rí i. Láti ìgbà tí ààlà ti wà ni ọjà ti ń gba ẹ̀yìn bodè kọjá, ìgbà mìíràn kòkó tiwa ń lọ, ìgbà mìíràn ìrẹsì àti aṣọ ń bọ̀, ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ epo bẹntiróòlù ń lọ di ohun tí wọ́n ń pè ní kpayo lọ́hùn-ún. Ó dájú pé oní-fàyàwọ́ fẹ́ràn iná tí ó ní súwíìsì. Èmi kò gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe lòdì sí òfin, ó sì ti kó ìpalára bá ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá ni kí á torí rẹ̀ ka gbogbo ẹni tí ó ní irú iná náà sí ọ̀daràn. Ọkọ tí ó ń lọ pe agbẹ̀bí nílò iná tí kì í kú nígbà tí ó bá ń ti kẹ̀kẹ́ gba inú àbàtà. Adẹ́mu tí ó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nílò rẹ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì ààlà, tí kì í ṣe òun ni ó pa ààlà náà, nílò rẹ̀. Ìbẹ̀rù pẹ̀lú sì wà: ẹni rere náà lè fẹ́ pa iná nígbà tí ó bá gbọ́ ohùn àwọn tí kò mọ̀ níwájú. Òfin 1888 gbà pé ẹni tí ó ń rìn lóru kò ní nǹkan kan láti bẹ̀rù bí a bá rí i. Ẹni tí a bí sí ẹ̀bá ààlà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Bátìrì ní àléébù tirẹ̀. Ike kọ́ ni ara rẹ̀. Irin síńkì ni, síńkì yìí kan náà ni ó sì ń jẹ láti fi ṣe iná. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, omi inú rẹ̀ a yọ, a sì ba ilé tí ó wà jẹ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé a máa ń sá bátìrì tí ó ti rẹ̀ sóòrùn. Ẹlòmíràn rò pé oòrùn ń dá agbára rẹ̀ padà. Ìsinmi àti ooru ni ó ń ta á jí fún ìgbà díẹ̀, síńkì tí ó ti lọ kò padà. Síbẹ̀, a kò fi òkú bátìrì ṣòfò. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa fọ́ ọ, wọn a lọ dúdú inú rẹ̀, wọn a fi kun pátákó ìkọ̀wé. Ohun tí ó tan iná fún baba lójú ọ̀nà ni ó ń sọ pátákó ọmọ di dúdú.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àárín ọdún 1970 sí 1979, alùpùpù gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Iná alùpùpù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni ó ni ín, ẹ́ńjìnnì sì wà lọ́wọ́ epo. Ní oṣù kẹjọ 2019 ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà wọ́n tún pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tí kò bá jìnnà tó kìlómítà 20 sí ààlà. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó kéde pé kí a ṣí Ìdí-Ìrókò. Ẹni tí ó bá ń gbé ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ìbéèrè àtijọ́ ti padà dé: iná tí mo fi ń rìn, ta ni ó ni ín?

Inú mi sì dùn pé ọgbọ́n náà kò tíì kú. Ní 1993 Shuji Nakamura ní ilẹ̀ Japan gbé gílóòbù LED aláwọ̀ búlúù tí ó mọ́lẹ̀ gan-an jáde, èyí tí a fi rí LED funfun ṣe. Òun pẹ̀lú Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. LED kékeré kan kò fẹ́ ju folti 3 tàbí díẹ̀ lé e lọ, bátìrì fóònù ògbólógbòó sì ń mú nǹkan bíi folti 3 àti ẹ̀sún 7 wá. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún fóònù ṣe ti mọ èyí. Wọ́n ń so ọ̀kan mọ́ èkejì, wọ́n sì ń rí iná tí ó ń pẹ́ ju ti baba wọn lọ. Kí wọ́n ṣọ́ra o, nítorí bátìrì fóònù tí orí àti ìdí rẹ̀ bá fara kanra lè gbiná mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ti ọparun kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa wá ọ̀kan nínú àwọn fìtílà ọlọ́parun wọ̀nyí kí wọ́n tó jẹrà tán, kí wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn àti adé. Kí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Yewa fi kọ́ ọmọ bí iná ṣe ń lọ tí ó sì ń bọ̀, nítorí pé ọmọ yóò tètè lóye ohun tí baba bàbá rẹ̀ ṣe. Àwọn tí ó pa ààlà ní 1889 kọ orúkọ wọn sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn. Àwọn tí ó wá ọ̀nà láti máa gbé pẹ̀lú ààlà náà kò kọ orúkọ kankan; bátìrì mẹ́rin, ọparun kan àti wáyà kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, ó sì yẹ kí á kà wọ́n.